Owó Ìkẹyìn Òṣìṣẹ́: Gbèsè Ni, Kì í Ṣe Ọrẹ

Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Nígbà tí baba àti ọmọ bá jọ ń roko, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà, kò sí ẹni tí í wá ààlà náà kiri. Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ lọ dá dúró ni a máa ń mọ̀ bóyá ààlà wà tàbí kò sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rí. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, tí oṣù ń parí, tí owó sì ń wọlé, ẹ̀rín àti ọ̀yàyà ni. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí ọ̀gá bá já ìwé gbélé-ẹ lé e lọ́wọ́, ni ìwà olúkúlùkù tó ń hàn sí gbangba.

Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ láàrin wa lónìí kò dára tó. Òṣìṣẹ́ a mú ìwé rẹ̀ lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá a wò ó tìyanu-tìyanu, a ní, "Ṣé èmi ni o fẹ́ fi sílẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ?" Láti ọjọ́ náà lọ, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí ti oṣù kan tí ó kù nílẹ̀ a di "padà wá lọ́la". Ọ̀la a di ọ̀túnla, ọ̀túnla a di oṣù mẹ́fà. Owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń ná lọ síbẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó owó tí ó ń wá. Bí ó bá sì gbé ẹjọ́ náà lọ sílé àwọn àgbà, èsì tí yóò gbà kì í sábà ju méjì lọ: "Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run," àti "Má ba ẹ̀yìn ara rẹ jẹ́."

Ìmọ̀ràn àlàáfíà ni àwọn àgbà rò pé àwọn ń gbà á, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò tọ́ nínú irú ọ̀ràn yìí. Owó ìkẹyìn tí òṣìṣẹ́ ń béèrè kì í ṣe ọrẹ, kì í ṣe owó ìdágbére, kì í sì í ṣe èrè ìwà pẹ̀lẹ́. Gbèsè ni. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ìgbà tí inú òun bá yọ́ ni òun yóò san án.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá, kí a wo ọjọ́ ìyọ̀ǹda ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù. Ọmọ ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí irun ṣíṣe fún ọdún mélòó kan. Ọjọ́ pé. Àwọn òbí rẹ̀ ra ohun jíjẹ àti ohun mímu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọ̀gá péjọ. Ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá gbé àlùmọ́gàjí tàbí ayùn lé e lọ́wọ́, ó sì súre fún un lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ń ṣírò owó ọ̀yà lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹ̀kọ́ ni ọmọ wá kọ́. Ohunkóhun tí ọ̀gá bá fún un, láti inú ọ̀làwọ́ ọ̀gá ni ó ti wá. Ìdí nìyí tí ìyọ̀ǹda rere fi jẹ́ ohun ńlá lójú Yorùbá, tí ẹni tí ó sá kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ kì í fi í lè gbé orí sókè láàrin àwọn oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àṣà tí ó dára ni, kò sì yẹ kí ó parun. Ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ kan ti gbé e kúrò ní àyè rẹ̀. Wọ́n gba ènìyàn sí iṣẹ́ olówó oṣù, wọ́n sì ń fẹ́ kí ó lọ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: kí ó kúnlẹ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó sì gba ohunkóhun tí wọ́n bá nà sí i. Akọ̀wé tí ń ṣe ìṣirò owó ní ilé búrẹ́dì kò wá kọ́ búrẹ́dì ṣíṣe. Ọjọ́ rẹ̀ ni ó tà, ọ̀gá sì rà á. Ẹni tí ó ra ọjà tí ó sì ti jẹ ẹ́ tán kò lè ní òun kò ní sanwó mọ́ nítorí pé olùtajà fẹ́ kó àtẹ rẹ̀ lọ sí ọjà mìíràn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwà òyìnbó ni kí ènìyàn máa ṣírò owó mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, pé Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ tí a fi ta ni lọ́rẹ àti iṣẹ́ tí a ń kà. Ọ̀wẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọrẹ. Ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀ láti kọ́lé tàbí láti ṣán oko a pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Àwọn tí ó wá a jẹ, wọn a mu, wọn a sì máa lọ sílé wọn. Àáró kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ roko lọ́jọ́ kan mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ náà jẹ òun ní ọjọ́ kan. Kò sí ìwé, kò sí akọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ni ó mọ ẹni tí ó kàn àti ẹni tí ó jẹ gbèsè. Ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tán tí ó wá kọ̀ láti san ọjọ́ padà, kò sí ẹni tí ń sọ pé kí a fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ojú ọ̀lẹ àti ojú ọ̀dàlẹ̀ ni a fi ń wò ó.

Alágbàṣe náà ń bẹ níbẹ̀. Iye ebè tí ó kọ ni olóko ń kà kí ó tó sanwó fún un. Bí ó bá kọ igba, owó igba ni yóò gbà. Bí àìsàn bá dá a dúró ní ọgọ́rùn-ún, owó ọgọ́rùn-ún ni yóò gbà, kì í ṣe òfo. Olóko tí ó bá ní nítorí pé kò parí oko, òun kò ní san kọ́bọ̀, yóò rí i bí ọdún bá yípo pé alágbàṣe kì yóò yà sí oko òun mọ́.

Àní ìwọ̀fà pàápàá, tí í ṣe àṣà tí ó ni ènìyàn lára, tí ó sì tọ́ bí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ní ìlẹ̀kùn àbájáde. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ya apá kan sọ́tọ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí ó yé ni pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó tí a yá. Ọjọ́ tí a bá ti san ojú owó náà pé, iṣẹ́ parí. Olówó kò lè ní inú ń bí òun kí ó sì dá ìwọ̀fà dúró. Ǹjẹ́ kò wá yani lẹ́nu pé òṣìṣẹ́ òde òní tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni a jẹ, ni a ń fi owó rẹ̀ dè mọ́lẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ó ti lọ?

Ẹ̀sìn méjèèjì tí ó gbilẹ̀ láàrin wa kò sì gbè fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Òfin Mósè kò fẹ́ kí owó ọ̀yà alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀; ẹ̀kọ́ Ànábì sì ni pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ọ̀gá tí ó ń fi ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi ṣe ìsìn, tí ó sì gbé owó òṣìṣẹ́ pamọ́ láti ìgbà òjò dé ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, mọ ohun tí ó ń ṣe.

Òfin ìlú náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, tí ó ṣì múlẹ̀ ní Nàìjíríà, sọ iye ọjọ́ tí ọ̀gá tàbí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ẹnì kejì létí kí iṣẹ́ tó parí. Ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ kan ni. Ẹni tí ó ti lo ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó ti lo ọdún 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 5, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè gba owó dípò ọjọ́ wọ̀nyí. Òfin náà sì fi kún un pé gbogbo owó ọ̀yà gbọ́dọ̀ di sísan kí àkókò ìfitónilétí náà tó parí, tàbí lọ́jọ́ tí ó bá parí gan-an. Kò sọ pé nígbà tí ó bá rọ ọ̀gá lọ́rùn.

Kí ìṣirò náà lè yé tọmọdé-tàgbà, kí a fi akọ̀wé ilé búrẹ́dì yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ti lo ọdún 3 àti oṣù 8. Owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦24,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni a sì ń san án. Ó ti ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 3 láti ìgbà tí ó ti gbowó kẹ́yìn: ₦72,000 nìyẹn. Oṣù 8 ti kọjá láti ìgbà tí ìsinmi ọdún ti tọ́ sí i kẹ́yìn. Òfin ní kí a ṣírò owó ọ̀sẹ̀ kan, kí a pín in sí oṣù 12, kí a sì fún un ní ti oṣù 8: ₦16,000 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ni ó ní kí ó máa lọ lójijì láìsí ìfitónilétí, owó ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí í ṣe ₦48,000, ni yóò fi dípò rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦136,000. Bí akọ̀wé bá ti gba ₦20,000 sílẹ̀ nínú owó rẹ̀, tí òun náà sì fọwọ́ sí i, a ó yọ ọ́ kúrò. Yóò ku ₦116,000. Ìwé pélébé kan gba gbogbo ìṣirò yìí. Kò sí ibi tí ìbínú, ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ẹ̀bẹ̀ ti wọ inú rẹ̀.

Ìyọkúrò pàápàá ní ìwọ̀n. Gbogbo ohun tí ọ̀gá lè yọ nínú owó oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó sì wọ́pọ̀ pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ ni ọ̀gá máa ń rántí pé jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, pé ìyẹ̀fun àpò mẹ́rin kò sí nínú ìwé, pé àga kan ṣẹ́. Òfin mọ irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bá fa àdánù, ọ̀gá lè yọ owó tí ó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́. Ọ̀gá kò lè jẹ́ olùfisùn, kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ó jẹ́ adájọ́, kí ó sì tún jẹ́ ẹni tí yóò gbé owó náà sápò.

Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní láti fi ara balẹ̀ níhìn-ín. Àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin ọdún 1974 náà ń bójú tó jù. Fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àbójútó tàbí iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tí ó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn ni agbára wọn. Nítorí náà, ọjọ́ tí a gba ènìyàn síṣẹ́ ni ó yẹ kí ó ti béèrè bí yóò ṣe lọ: ọjọ́ mélòó ni ìfitónilétí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ìsinmi, ta ni yóò fọwọ́ sí i pé ó ti kó ohun èlò sílẹ̀? Olùkọ́ tí ó bá ń tijú láti béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kẹsàn-án, yóò sunkún rẹ̀ ní oṣù keje.

Owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀ sí owó ìkẹyìn, kò sì yẹ kí a da méjèèjì pọ̀. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi ó kéré tán ìdá 10 lé e. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni àpò ìfowópamọ́ náà ń jẹ́, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ó bá ti san owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ, àpò rẹ̀ bá a lọ. Bí kò bá sì tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù 4 kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, ó lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá ń sọ pé òun yóò "dá owó ìfẹ̀yìntì dúró" nítorí pé òṣìṣẹ́ kò dágbére dáadáa ń ṣe ìlérí lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ní ohun tí ń dùn wọ́n. Òṣìṣẹ́ mìíràn a gbowó oṣù tán ní ọjọ́ Ẹtì, a sì di àwátì ní ọjọ́ Ajé. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí ń bẹ lápò rẹ̀. Ìwé tí a kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí ń bẹ nílé rẹ̀. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀gá tí ó fi owó ẹ̀yáwó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó rí arọ́pò, àwọn oníbàárà ti lọ. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò ní àwíjàre. Òfin tí ó de ọ̀gá ni ó de òṣìṣẹ́: ìfitónilétí kan àwọn méjèèjì, èyí tí ó bá sì tó ọ̀sẹ̀ kan sókè gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá lọ láì fi ọjọ́ sílẹ̀ lè di onígbèsè ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n gbèsè tirẹ̀ náà ní iye. Owó ọ̀sẹ̀ méjì ni owó ọ̀sẹ̀ méjì. Kò lè gbé owó oṣù méjì mì. Àní ẹni tí a lé nítorí ìwà burúkú, tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ìfitónilétí, ọjọ́ tí ó fi òógùn rẹ̀ ṣe kí ó tó hu ìwà náà ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dákẹ́ kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Wọ́n ń bẹ̀rù. Ibi iṣẹ́ tuntun yóò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá àtijọ́. Ọ̀gá àtijọ́ sì lè fi gbólóhùn kan ba ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi owó ra ẹnu ọ̀gá. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ àwọn àgbà wà. Ọmọ kékeré kò lè dá ko ọ̀gá rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ní ẹ̀gbọ́n, ó ní bàbá ìjọ, ó ní ìmáàmù àdúgbò, ó ní ìyálọ́jà tí ó ń bọ̀wọ̀ fún. Bí a bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé iwájú wọn, kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bẹ̀. Kí wọ́n bi òṣìṣẹ́ pé: "Ǹjẹ́ o fi ọjọ́ tí ó yẹ sílẹ̀, o sì kó ohun èlò wọn fún wọn?" Kí wọ́n bi ọ̀gá pé: "Ọjọ́ mélòó ni ó ṣe tí ẹ kò tíì san?" Kí wọ́n ní kí a mú bírò àti ìwé wá, kí a ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ọ̀gá sì dá ọjọ́ tí yóò san án. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bẹ̀ lè tẹ̀ lé e, àdúrà náà sì lè tẹ̀ lé e.

Bí èyí kò bá wọlé, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà, ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ wà, Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ Orílẹ̀-èdè tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 náà wà, èyí tí àtúnṣe ìwé òfin ìlú ní ọdún 2010 fún ní àṣẹ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yóò ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣe ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ kí a pa òwe náà fún ni ọ̀gá tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ni ó lè mú kí kóòtù má wáyé.

Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀gá tí ó bá san owó ìkẹyìn pé, tí ó fi ìwé ẹ̀rí òtítọ́ lé e, yóò rí i pé òṣìṣẹ́ tí ó lọ ni yóò máa júwe ilé iṣẹ́ òun fún oníbàárà. Èyí tí ó bá gbẹ́sẹ̀ lé e yóò rí i pé àwọn tí ó kù lẹ́nu iṣẹ́ ń wò. Wọ́n mọ̀ pé bí a ti ṣe èyí tí ó lọ ni a ó ṣe àwọn náà. Láti ọjọ́ náà ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ apá ọ̀dọ̀ wọn, tí olúkúlùkù yóò sì máa wá bí yóò ṣe gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ ìdágbére tó dé.